Àwẹ̀ró Tó Sọ Pé Òun Kò Mọ Àbúrò Òun

Láyé àtijọ́, nígbà tí ibi tí a jókòó sí yìí ṣì jẹ́ igbó lásán, tí kò sí ògiri, tí kò sí òrùlé, tí kò sí ẹni tó lè sọ pé ilé òun nìyí, ogun wà nílẹ̀. Mi ò sọ ogun tí ẹ̀ ń fi ṣeré o. Ogun tí mò ń wí yìí ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wọn ló ń jà á, kò sì sí ẹni tó rántí ohun tó fà á mọ́. Ó ti rẹ ilẹ̀, ó ti rẹ èèyàn, ó ti rẹ ogun fúnra rẹ̀.

Tìámíyù, ìwọ bàbá ọmọ tuntun, mo gbọ́ ohun tí ò ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. O ní jagunjagun ló dá agbo ilé wa yìí sílẹ̀, o ní ó gun ẹṣin, o ní ó ń gé orí èèyàn bí ẹni tó ń gé ilá. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Bàbá rẹ ni, mo mọ̀. Bàbá rẹ fẹ́ràn ẹṣin láti kékeré, kò sì gun ọ̀kan rí. Ẹ máa bó ègúsí yín lọ, kí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ìyá tó bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọmọbìnrin ni ẹni tó dá ilé yìí sílẹ̀. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Kò gun ẹṣin. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó sì rẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀.

Òkè-Ayùn ni wọ́n ti bí i. Ẹ má wulẹ̀ wá ibẹ̀ lọ, koríko ló kù níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀ṣúntóyè, àgbẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Ẹfúnyẹlá. Àwẹ̀ró ni àkọ́bí wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, Ẹfúnyẹlá bí ọkùnrin méjì tẹ̀lé ara wọn, àwọn méjèèjì sì kú lẹ́yìn tí olóòlà kọlà fún wọn. Kì í ṣe pé olóòlà yẹn burú. Àṣà Òkè-Ayùn ni pé kí wọ́n kọ àbàjà mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kí wọ́n kọ mẹ́rin sí ti òsì, kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ fún ti àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n kọ ọ́ fún ìkejì, ojú ilà wú, ó di egbò, ibà dé, ọmọ lọ. Nígbà tí Ẹfúnyẹlá wá bí òmíràn, tó tún jẹ́ ọkùnrin, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ìlọ̀rí, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó ní olóòlà kankan kò ní fọwọ́ kàn án títí yóò fi lágbára.

Ẹbí gbọ́, ẹbí dé. Wọ́n ní kí ló dé tí ojú ọmọ mọ́ bí ojú àwo? Wọ́n ní ọmọ tí kò nílà, bó bá sọnù, ta ni yóò mọ̀ pé tiwa ni? Ọ̀ṣúntóyè bẹ ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u. Obìnrin náà ní bí wọ́n bá ń wá ojú tí wọn yóò kọlà sí, kí wọ́n wá tún ti òun kọ. Ọdún kan kọjá, ọdún kejì kọjá, Ìlọ̀rí di ọmọ ọdún mẹ́rin láìkọlà. Ìtìjú ńlá ni láàárín ẹbí. Bí àlejò bá dé, wọn a ní kí Àwẹ̀ró gbé e lọ sẹ́yìnkùlé.

Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò ló ń bá Òkè-Ayùn jagun. Pélé mẹ́ta tó dúró lóòró ni ilà tiwọn. Wọ́n ń pa tiwa, àwa náà ń pa tiwọn. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọwọ́ wa mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n wá dó ti Òkè-Ayùn, òjò méjì ló bá wọn níbẹ̀. Ọ̀ṣúntóyè lọ ṣọ́ odi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò padà wálé. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà lórí odi ló wá sọ fún Ẹfúnyẹlá. Ó ní òun rí i nígbà tó ṣubú, ṣùgbọ́n òun kò lè fà á wọlé. Ẹfúnyẹlá ní ó dáa, ó ní kí ọkùnrin náà jókòó kí ó mumi. Omi ò tó nínú ilé, ó sì fún un. Iṣu tán, àgbàdo tán, wọ́n wá ń se ewé tí ewúrẹ́ pàápàá kì í jẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Àwẹ̀ró nígbà náà. Bíi tìrẹ, Síkírátù, ìwọ tí a máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí o tó jẹ́ni.

Ní ọjọ́ tí odi wó, Ẹfúnyẹlá pọn Ìlọ̀rí, ó fa Àwẹ̀ró lọ́wọ́, wọ́n gba ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà lọ pọnmi jáde. Wọn kò kó nǹkan kan. Wọ́n rìn lọ́jọ́ kìíní, wọ́n rìn lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ Ẹfúnyẹlá kò gbé e mọ́. Ẹ ò rí i, láti bí oṣù kan ló ti ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú abọ́ àwọn ọmọ, tó ń sọ pé òun ti jẹ tòun nídìí ààrò. Ẹ̀yin ọmọ, bí ìyá yín bá sọ fún yín pé òun ti jẹ nídìí ààrò, ẹ lọ wo inú ìkòkò. Ó jókòó sábẹ́ igi ìyeyè kan, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀, ó sì sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn.

“Àwẹ̀ró, di ọwọ́ àbúrò rẹ mú.”

“Mo ti dì í mú, Ìyá.”

“Má fi í sílẹ̀. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má fi í sílẹ̀.”

“Mi ò ní fi í sílẹ̀.”

Ẹfúnyẹlá fara ti igi yẹn, kò sì dìde mọ́. Ọwọ́ àti igi ni Àwẹ̀ró fi gbẹ́lẹ̀. Kòtò náà kò jìn, ó mọ̀ pé kò jìn, ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Ìlọ̀rí ń bèèrè pé kí ló dé tí ó ń da iyẹ̀pẹ̀ sí Ìyá lára, Àwẹ̀ró ní kí ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sunkún. Èmi náà bi ìyá bàbá mi léèrè pé kí ló dé tí kò fi sunkún, ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹkún. Nígbà yẹn mi ò mọ ohun tí ó ń sọ. Ó ti yé mi báyìí.

Ó pọn àbúrò rẹ̀, ó ń lọ. Bó bá rìn díẹ̀, a sinmi, a tún rìn díẹ̀. Ìgbà tó dé odò kékeré kan, ó rí ìyá arúgbó kan tó jókòó lórí òkúta. Pélé mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, ará Ìsàlẹ̀-Odò pọ́ńbélé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́ nítorí pé aṣọ ló ń pa láró láti kékeré, aró ti wọ awọ ara rẹ̀. Ìyá Aláró ni wọ́n ń pè é. Àwẹ̀ró fẹ́ sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ìyá náà kò pariwo. Ó na àgbàdo sísun kan sí Ìlọ̀rí, ọmọ gbà á, ó ń jẹ ẹ́.

Òun náà ń ti ibi ogun bọ̀ ni. Ó lọ wá ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ní bùdó, wọ́n sì fi òkìtì iyẹ̀pẹ̀ hàn án. Ó wo ojú Àwẹ̀ró, ó wo ojú Ìlọ̀rí, ó tún wo ojú Àwẹ̀ró. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún un pé ibodè wà níwájú, kò jìnnà mọ́, àwọn ọmọ ogun Ìsàlẹ̀-Odò ló wà níbẹ̀, ojú ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá ní pélé, a kọjá. Ẹni tó bá ní àbàjà, tó sì lágbára láti ṣiṣẹ́, wọn a dè é mọ́ okùn lẹ́rú. Ọmọ kékeré tó bá wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí kò lè rìn dé ibi tí wọ́n ń kó ẹrú lọ, wọn kì í gbé e. Àwẹ̀ró bi í pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ìyá Aláró fi ọwọ́ bo Ìlọ̀rí létí. Ó ní kí ó má rò ó pé òun yóò padà sẹ́yìn, nítorí àwọn tó ń kó èèyàn ti ń tú igbó bọ̀ lẹ́yìn, odò ńlá sì ti kún lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Wọ́n ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọgbọ́n wo ló wà lórí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ebi ń pa? Àwẹ̀ró jókòó, ó ń wo àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ àgbàdo. Ó ń wò ó, ó ń wò ó. Ìgbà náà ló wá rí ohun tó ti wà níwájú rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Ojú ọmọ yìí kò ní ilà. Kò sí ẹni tó lè wo ojú yẹn kí ó sọ pé Òkè-Ayùn ni wọ́n ti bí i. Ohun tí ẹbí fi ń bú ìyá wọn, òun nìkan ni ìyá fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Ó kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pọ̀n ọ́n kọjá. Ẹ sọ pé ọmọ ọmọ yín ni.”

“Àwọn èèyàn rẹ ló pa ọmọ mi.”

“Mo mọ̀, Ìyá. Àwọn èèyàn yín ló pa bàbá mi.”

Ìyá bàbá mi ní Ìlọ̀rí jẹ àgbàdo yẹn tán kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mira. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Aláró dìde, ó tú ọ̀já rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọmọ gun ẹ̀yìn. Ó ní kí Àwẹ̀ró dúró ní odò títí àwọn yóò fi kọjá, kí ọmọ má baà rí i. Ó ní bí ọmọ yìí bá pè ọ́ ní ibodè, tí o bá fi lè dá a lóhùn, a ti kú nìyẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwẹ̀ró ní òun gbọ́. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ojú Ìlọ̀rí mú, ó ń kọ́ ọ pé ìyá àgbà rẹ nìyí, èmi kì í ṣe ẹnì kankan, má pè mí, má wò mí. Ọmọ mi orí. Ẹ̀yin náà mọ orí mímì ọmọ ọdún mẹ́rin. A ní kí ó má fọwọ́ kan iná, a mi orí, a sì fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe rẹ̀, nítorí mi ò ní bá yín bò ó. Kò dúró ní odò. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ní fi ọmọ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà pé kí ó má fojú ara rẹ̀ rí i pé ọmọ kọjá. Ó tẹ̀lé wọn. Ó ní òun yóò jìnnà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibodè kún, èèyàn ń ti èèyàn, kó tó mọ̀ ó ti dé ẹ̀yìn wọn. Oníbodè wo ojú Ìyá Aláró, ó rí pélé, ó ní kó máa lọ. Ó nawọ́ mú Àwẹ̀ró, ó rí àbàjà, ó fà á sápá kan. Ìlọ̀rí bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé wọ́n ń fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yọ́ bọ́ nínú ọ̀já, ó sáré padà, ó rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń pè é, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi.”

Oníbodè dúró. Ó wo ọmọ, ó wo Àwẹ̀ró.

“Àbúrò rẹ ni?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Ó ń pè ọ́.”

“Mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

Ó sì tì í. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ọmọ ṣubú sẹ́yìn sínú eruku, orí rẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n wá mú ọmọ wọn kúrò lára òun. Ohùn rẹ̀ le, bí ohùn ẹni tí ọmọ ọlọ́mọ ń yọ lẹ́nu. Ìyá Aláró padà wá, ó gbá ọmọ náà létí, ó ń bú u pé ṣé gbogbo ọmọge tó bá ti rí ni yóò máa rọ̀ mọ́. Oníbodè rẹ́rìn-ín. Ìyá Aláró pọn ọmọ, ó so ọ̀já le koko, ó kọjá. Igbe Ìlọ̀rí ni Àwẹ̀ró ń gbọ́ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Kò gbójú sókè. Ọmọdé ló kúrò ní Òkè-Ayùn, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n dè mọ́ okùn níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi sin ẹni tó rà á. Ìdí epo pupa ni wọ́n fi sí. Ó ń ṣa ẹyìn, ó ń sè é, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ́n epo. Mi ò ní jókòó ka ìyà fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n nà án, wọ́n fún un lóúnjẹ, ó ṣàìsàn, ó yè. Ohun kan tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kì í ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ẹgba. Kò mọ̀ bóyá ọmọ náà wà láyé, bó bá sì wà, kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé irọ́ ni òun pa.

Ogun yẹn kò parí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ó rẹ̀ ẹ́ ló jókòó. Àwọn àgbà ìhà méjèèjì ṣe ìpàdé, ẹni tó ra Àwẹ̀ró ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní kí àwọn ẹrú ogun máa lọ. Àwọn yòókù ń jó. Àwẹ̀ró di aṣọ rẹ̀, ó dojú kọ ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Odò, ìlú àwọn tó mú un lẹ́rú. Ó ń bèèrè Ìyá Aláró lọ́dọ̀ gbogbo aláró. Wọ́n ní ẹni tó ń bèèrè ti kú láti ọdún méjì, ṣùgbọ́n ọmọ tó tọ́ wà lóko, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń gbin iṣu.

Ó bá a níbi tó ti ń kọ ebè. Ó rí i lẹ́yìn, ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn bàbá wọn ni. Ọkùnrin náà yíjú. Pélé mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀. Ìyá Aláró ti kọ ọ́ fún un nígbà tó lágbára, kí wọ́n má baà máa bèèrè ibi tí ó ti wá. Àwẹ̀ró wo ilà tí oníbodè ní, ó wò ó lójú ọmọ ìyá rẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀nà o,” ni ọkùnrin náà wí, bí a ṣe ń kí àlejò.

“Ìlọ̀rí.”

Ó fi ọkọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ti pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ibodè. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó dá a dúró. Ó ní kí ó má ṣe wàhálà, Ìyá Aláró ti sọ gbogbo rẹ̀ fún òun kí ó tó kú. Ó ní òun mọ̀ pé bí kò bá sẹ́ òun ni, òun ì bá ti kú.

“Mo mọ̀ ọ́n lórí,” ó ní, “ṣùgbọ́n kò dé inú mi. Bí mo bá di ojú, ọwọ́ yín ni mò ń rí, àti eruku. Ẹ má bínú. Ẹ máa lọ.”

Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n níbí yìí, àwọn méjèèjì ni kò gbàgbé. Kò pariwo mọ́ ọn, kò lé e bí ajá. Ì bá sàn kó pariwo. Àwẹ̀ró dúró, ó wo ọ̀nà tí ó gbà wá, ó wo iwájú.

“Ó ti rẹ̀ mí, Ìlọ̀rí,” ó ní. “Mi ò ní lọ síbì kankan mọ́.”

Ó rìn kọjá ebè tó kẹ́yìn, ó dé ibi tí òkúta pọ̀ sí, tí kò sí àgbẹ̀ tó fẹ́ ẹ, lẹ́bàá ojú ọ̀nà ọjà. Ó jókòó síbẹ̀. Ibi tí Tìámíyù na ẹsẹ̀ sí yẹn ni. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ahéré, iṣẹ́ epo tó mọ̀ ló sì ń ṣe. Ọdún méjì. Ní àárọ̀, ọkùnrin náà a ní “Ẹ kú iṣẹ́,” òun náà a ní “O kú iṣẹ́,” ó tán. Nígbà òjò kan, ìjì ṣí ahéré rẹ̀, nígbà tó dé láti odò, ó bá a pé wọ́n ti tún un bò. Kò bèèrè ẹni tó bò ó, ọkùnrin náà kò sì sọ. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bínú síra yín nítorí ṣaja fóònù, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí.

Ìlọ̀rí fẹ́ ìyàwó, Ojúọlápé, ọmọ ìlú tó wà lókè ọ̀hún. Ojúọlápé bímọ, ó bí obìnrin. Ó di ọjọ́ kẹjọ. Ẹbí ìyàwó ti dé láti òwúrọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń retí ẹbí ọkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo ni wọn yóò wò fún ọmọ yìí? Ìlọ̀rí ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí Ìyá Aláró, àwọn tí òun pẹ̀lú wọn jọ dàgbà, àwọn tí ilà ojú wọn bá tirẹ̀ mu. Olórí ẹbí wọn ránṣẹ́ padà. Ó ní Ìyá Aláró kó ọmọ sílé, ó dáa, ọwọ́ àánú ni. Ṣùgbọ́n àwọn kò mọ orírun rẹ̀, àwọn kò sì lè fi ẹnu àwọn bàbá àwọn sọ ọmọ tí àwọn kò mọ̀ lórúkọ.

Àwọn ẹbí ìyàwó gbọ́. Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹnì kan nínú wọn ti ń di ẹrù. Ìlọ̀rí fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ilà wà lójú rẹ̀, ilà náà kò sì gbà á. Ó dìde, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó kọjá ebè tó kẹ́yìn tí kò kọjá rí níṣojú Àwẹ̀ró láti ọdún méjì, ó dé ibí.

Àwẹ̀ró wà nínú ẹyìn, epo dé orúnkún rẹ̀. Ó rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó dúró.

“Wọ́n ní àwọn kò mọ ọmọ yìí,” ni Ìlọ̀rí wí. “Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.”

Kò fọ ẹsẹ̀. Kò wọ aṣọ míràn. Ó gba ọmọ, ó gbé e mọ́ àyà, ó gba iwájú Ìlọ̀rí kọjá, ó lọ dúró sáàárín ọ̀nà ọjà. Ọjọ́ ọjà ni, èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀, ará Ìsàlẹ̀-Odò ló pọ̀ jù nínú wọn. Obìnrin kan ru igbá, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọmọ sókè.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Ọmọ àbúrò mi ni. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n.”

Obìnrin náà rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, ó yà fún un. Ọkùnrin méjì ń bọ̀, ó sọ ọ́ fún wọn. Àwọn ọmọdé ń bọ̀, ó sọ ọ́ fún wọn. Gbogbo ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, àgbà àti èwe, ó ń sọ ọ́ fún wọn, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. “Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìlọ̀rí, ọmọ Ọ̀ṣúntóyè, ọmọ Ẹfúnyẹlá. Tiwa ni. Mo mọ̀ ọ́n.” Ẹbí ìyàwó ti jáde wá, wọ́n ń wò ó. Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, kò dákẹ́. Èyí tó sọ ní ibodè pé òun kò mọ Ìlọ̀rí, lẹ́ẹ̀méjì péré ni, ó sì dà bíi pé ó fẹ́ fi ti òní bo ti àná mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó ń sunkún báyìí. Ẹkún tí kò sun lábẹ́ igi ìyeyè, tí kò sun ní ibodè, tí kò sun nídìí epo, òun ló ń sun lójú ọ̀nà ọjà.

Ìlọ̀rí ni ó wá bá a. Oòrùn ti gun àtàrí. Ó di ejìká rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ó tó. Gbogbo wọn ti gbọ́. Ẹ gbé e wọlé, oòrùn ń pa á.”

Wọ́n gbé ọmọ wọlé. Inú ahéré yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ pe orúkọ náà, ẹbí ìyàwó sì tẹ̀ lé e. Ṣé ó ti tán láàárín wọn láti ọjọ́ yẹn? Mi ò mọ̀. Ìyá bàbá mi ní Ìlọ̀rí darúgbó, síbẹ̀ ó ṣì máa ń ta gìrì bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án lójijì láti iwájú. Ṣùgbọ́n ó kó kúrò ní ilé oko rẹ̀, ó wá kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ilé méjèèjì yẹn ló bí gbogbo ìyókù. Àwẹ̀ró kò lọ́kọ, kò bímọ, síbẹ̀ òun ni ìyá gbogbo wa.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kọlà nínú ẹbí yìí, tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ìlú tó kù tó ṣíwọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sọ ọmọ wa lórúkọ nínú yàrá. Kí omi tó kan ọmọ lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ, ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú ilé ní láti gbé e jáde lọ sí ojú ọ̀nà, kí ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé òun mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí ẹni tó ń kọjá, a dúró dè wọ́n. Bí òjò bá ń rọ̀, a ó lo agboòrùn. Nínú eré pàápàá, ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ fún ara yín pé ẹ kò mọ ara yín. Ẹ ti sọ ọ́ rí, mo gbọ́ yín, mo sì dákẹ́ ni.

Ó tó, ẹ kó èèpo ègúsí yẹn kúrò nílẹ̀. Ọ̀la ni ọmọ tí ìyàwó Tìámíyù bí yóò pé ọjọ́ mẹ́jọ. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé orúnkún Ìyá kò gbé e mọ́, pé kí ẹlòmíràn gbé ọmọ jáde. Àwọn tí mo jù lọ nínú ọmọbìnrin ilé yìí ló wà láyé, àwọn tó jù mí ti lọ. Èmi ni yóò gbé e. Títì ti fẹ̀ báyìí, ọkọ̀ ń sáré, ariwo wọn pọ̀, ohùn mi kò sì lágbára mọ́. Bí ẹ bá rí i pé ohùn mi kò dé ọ̀dọ̀ wọn, kí gbogbo yín bá mi sọ ọ́.